"Ká Ní Òwu Ní Ìbọn": Ohun Ìjà àti Ètò Ogun Nínú Ìtàn Ìṣubú Òwu àti Erunmu

1. Ìfáárà

Ohun tí a fẹ́ ṣe nínú àpilẹ̀kọ yìí ni láti gbé gbólóhùn kan yẹ̀wò, èyí tí kì í pẹ́ jáde níbi tí a bá ti ń sọ̀rọ̀ ogun Òwu. Gbólóhùn náà ni pé, ká ní Òwu ní ìbọn, ìlú náà kì bá tí fọ́. Èrò wa ni pé gbólóhùn yìí kò tọ̀nà bí a ti ń lò ó, àti pé ó ti mú kí á fojú fo ohun tí ó ṣe pàtàkì jù lọ nínú ìtàn náà.

A kò sọ pé kí òpìtàn tàbí òǹkọ̀wé má ṣe sọ 'ká ní' rárá. Èdè wa fún irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ láyè. Iṣẹ́ tí 'ì bá' ń ṣe nínú gbólóhùn Yorùbá ni láti dárúkọ ohun tí kò ṣẹlẹ̀ ṣùgbọ́n tí ó ṣeé ṣe kí ó ṣẹlẹ̀. Ṣùgbọ́n 'ká ní' méjì ni ó wà. Èkíní ni 'ká ní' ti àbámọ̀. Èyí a máa yí ohun kan ṣoṣo padà, ohun tí ọkàn ẹni ń fẹ́, a sì fi gbogbo ìyókù sílẹ̀ bí wọ́n ti wà. Èkejì ni 'ká ní' ti àyẹ̀wò. Èyí a máa béèrè pé bí ohun kan yìí bá yí padà, kí ni àwọn ohun mìíràn tí ó gbọ́dọ̀ bá a yí? Àwọn àgbà ní àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀ràn. Ẹni tí ó bá fẹ́ fi 'ká ní' ṣe ìmọ̀ kò gbọdọ̀ dúró sí ibi tí àbámọ̀ dúró sí.

Ìdí tí a fi mú Erunmu mọ́ Òwu ni pé àwọn tí ń sọ̀rọ̀ ìbọn kì í sábàá rántí Erunmu. Ìlú yìí, tí ó wà ní Ìjọba Ìbílẹ̀ Ẹ̀gbẹ́dá ní ìhà ìlà-oòrùn Ìbàdàn lónìí, ni ogun náà yà sí lẹ́yìn tí Òwu ṣubú. Bí a bá fẹ́ mọ ohun tí ó fọ́ Òwu, a gbọ́dọ̀ mọ ìdí tí ogun kò fi tú ká nígbà tí Òwu fọ́ tán.

2. Àkọsílẹ̀ Johnson

Inú ìwé Samuel Johnson, The History of the Yorubas, ni ọ̀pọ̀ nínú wa ti kọ́kọ́ ka ìtàn yìí. Ọdún 1897 ni Johnson parí ìwé náà. Àkọsílẹ̀ àkọ́kọ́ sọnù, lẹ́yìn ikú rẹ̀ ní 1901 ni àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, tún un tò láti inú àwọn ìwé tí ó fi sílẹ̀, ó sì jáde ní 1921.

Ní ṣókí, ohun tí ó sọ nìyí. Wọ́n ń jí àwọn oníṣòwò Ọ̀yọ́ gbé ní ọjà Àpòmù, tí ó wà lábẹ́ Ifẹ̀. A rán Olówu pé kí ó fòpin sí i, ó sì kọlu àwọn ìlú Ifẹ̀ tí ọ̀ràn náà kàn. Ifẹ̀ gbógun wá láti gbẹ̀san, Òwu sì lé wọn padà. Lẹ́yìn èyí ni ìjà mìíràn tún bẹ́ sílẹ̀ ní ọjà Àpòmù kan náà lórí ataare tí iye owó rẹ̀ kò tó nǹkan. Ọ̀rọ̀ náà kan Ìjẹ̀bú, Ìjẹ̀bú sì dara pọ̀ mọ́ Ifẹ̀. Àwọn Ọ̀yọ́ tí ogun ti lé kúrò nílé wọn ní ìhà àríwá, tí wọ́n ń wá ibi tí wọn yóò gbé jẹun, tún dara pọ̀ mọ́ wọn.

Ibí yìí ni ìbọn wọ inú ìtàn. Ìjẹ̀bú ní ìbọn àti ẹ̀tù nítorí pé wọ́n súnmọ́ etíkun. Àgẹdẹ̀ngbẹ́, idà gígùn tí a fi ń jà lójúkojú, ni Òwu gbójú lé. Ìbọn kò jẹ́ kí wọ́n súnmọ́ ọ̀tá tó bí wọ́n ti ń ṣe tẹ́lẹ̀, wọ́n sì padà sẹ́yìn odi ìlú wọn. Ọ̀pọ̀ òpìtàn fi ìṣubú ìlú náà sí àárín ọdún 1820 sí 1825.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí á fara balẹ̀ wo bí Johnson ti parí ìtàn náà. Ìbọn kọ́ ni ó ṣí odi Òwu. Ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi dó ti ìlú náà. Ìyàn ni ó mú wọn nínú odi, débi pé wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ pópóńdó, ẹ̀wà tí wọn kì í kà sí oúnjẹ ènìyàn tẹ́lẹ̀. Ebi ni ó fọ́ Òwu. Akínjọ́bí Olówu sá lọ sí Erunmu, ogun tọ̀ ọ́ lẹ́yìn, Erunmu náà sì bọ́ sọ́wọ́ ọ̀tá. A pàṣẹ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ tún Òwu tẹ̀ dó mọ́.

Ohun méjì ni ó wà nínú àkọsílẹ̀ yìí, tí Johnson kò sì bá wa fi wọ́n sórí òṣùwọ̀n. Ìbọn ṣàlàyé ìdí tí Òwu fi padà sínú odi. Kò ṣàlàyé ìdí tí wọn kò fi lè jáde mọ́, tàbí ìdí tí àwọn tí ó dó tì wọ́n fi lè dúró pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ láìtúká. Ìbọn ṣakabùlà ti ìgbà náà kì í wó odi amọ̀. Ó ń pẹ́ kí a tó kì í tán, òjò sì lè sọ ẹ̀tù rẹ̀ di aláìwúlò. Bí ó bá jẹ́ pé ìbọn ni ó ṣe iṣẹ́ náà, kí ni wọ́n ń fi ọ̀pọ̀ ọdún dúró dè?

Èrò wa ni pé ìgbà tí Johnson fúnra rẹ̀ gbé ayé ló mú un fún ìbọn ní ipò tí ó fún un. Ìbàdàn ni ó dàgbà sí. Ó wà lára àwọn tí ó ṣe ìránṣẹ́ láàárín Ìbàdàn àti Èkìtìparapọ̀ títí tí wọ́n fi tọwọ́ bọ̀wé àdéhùn ní 1886. Ó rí ogun Kírìjì, níbi tí ìbọn Snider, tí a ń ki ọta rẹ̀ láti ìdí, ti fi ìbọn àtijọ́ ṣe yẹ̀yẹ́. Nígbà tí ó fi ń kọ̀wé, ìbọn Maxim ti dé. Ẹni tí ó rí èyí yóò máa wá ìbọn nínú gbogbo ogun tí ó ti ṣẹlẹ̀ sẹ́yìn. Kì í ṣe irọ́ ni ó pa; ojú ọjọ́ tirẹ̀ ni ó fi wo ọjọ́ àwọn mìíràn.

Àwọn tí ó tẹ̀ lé e ti ṣí ọ̀nà mìíràn fún wa. Ajayi àti Smith, nínú Yoruba Warfare in the Nineteenth Century (1964), jẹ́ kí á rí i pé odi, àgọ́, ohun ìjà àti ètò àwọn ológun ni a gbọ́dọ̀ jùmọ̀ gbé yẹ̀wò. Mabogunje àti Omer-Cooper kọ odindi ìwé lórí Òwu ní 1971. Síbẹ̀, gbólóhùn 'ká ní Òwu ní ìbọn' kò kú.

3. Ìdánwò Mẹ́ta fún 'Ká Ní'

Ẹ jẹ́ kí á gba gbólóhùn náà wọlé bí àlejò, kí á sì bi í ní ìbéèrè mẹ́ta.

Ìbéèrè kìíní: ọ̀nà wo ni ìbọn náà yóò gbà dé Òwu? Ìbọn àti ẹ̀tù ń ti etíkun bọ̀, Ìjẹ̀bú sì wà lórí ọ̀nà. Ẹni tí ó fún Òwu ní ìbọn nínú ìtàn rẹ̀ ti sọ, yálà ó mọ̀ tàbí kò mọ̀, pé Ìjẹ̀bú àti Òwu jẹ́ ọ̀rẹ́. Bí wọ́n bá sì jẹ́ ọ̀rẹ́, ìjà ataare ní Àpòmù kò ní di ogun, tàbí kí Ifẹ̀ nìkan jà á, Òwu sì ti lé Ifẹ̀ padà rí láìní ìbọn. Nítorí náà ohun tí ó yí padà kì í ṣe ohun ìjà mọ́, àjọṣe àwọn ìlú ni.

Ìbéèrè kejì: ta ni yóò yìn ín, lábẹ́ àṣẹ ta ni? Òwu kọ́ àwọn ọmọ ogun rẹ̀ ní ìjà àfojúkojú. Akin ènìyàn ni idà gígùn ń fẹ́. Ìbọn ń fẹ́ kí àwọn kan yìn, kí àwọn mìíràn máa kì, kí gbogbo wọn sì gbọ́ ohùn ẹnìkan. Bí a bá kó ìbọn lé àwọn ológun tí ètò wọn jẹ́ ti idà lọ́wọ́, wọn yóò yìn ín lẹ́ẹ̀kan, wọn yóò jù ú sílẹ̀, wọn yóò sì fa idà yọ.

Ìbéèrè kẹta: kí ni wọn yóò jẹ? Ìlú tí oko rẹ̀ wà lẹ́yìn odi, tí ọ̀tá sì wà nínú oko náà, yóò pebi bí ó tilẹ̀ ní ìbọn ẹgbẹ̀rún. Níbí ni Erunmu ti wọlé. Òwu kì í ṣe odi kan ṣoṣo. Ó ní àwọn ìlú tí ó yí i ká, tí ó jẹ́ ibi ìsádi rẹ̀. Àwọn tí ó gbógun tì í mọ èyí, nítorí náà ni wọn kò fi ka ogun sí èyí tí ó parí títí Erunmu fi ṣubú. Wọ́n ń gé gbòǹgbò, kì í ṣe ẹ̀ka nìkan. Ẹni tí ó ń sọ 'ká ní' láìdárúkọ Erunmu kò tíì rí ogun náà bí àwọn tí ó jà á ti rí i.

4. Ẹ̀rí Láti Ibòmíràn: Táǹkì ní 1940

A lè rò pé ọ̀rọ̀ yìí kan ogun àtijọ́ nìkan. Kò rí bẹ́ẹ̀. Kò sí ohun ìjà tí àwọn òǹkọ̀wé 'ká ní' ní ilẹ̀ òkèèrè fẹ́ràn bí i táǹkì, ọkọ̀ ogun onírin tí ń fi ẹ̀wọ̀n irin rìn dípò táyà. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ni ó kọ́kọ́ gbé e lọ sójú ogun ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1916 ní ilẹ̀ Faransé. Láti ìgbà náà ni àwọn kan ti ń sọ pé, ká ní orílẹ̀-èdè báyìí ní táǹkì tó pọ̀ tó, tàbí tí ara rẹ̀ nípọn tó, kì bá tí ṣubú.

Ìṣubú ilẹ̀ Faransé ní 1940 dá wọn lóhùn. Nígbà tí Jámánì kọlù wọ́n ní ọjọ́ 10 oṣù karùn-ún, táǹkì Jámánì kò ju nǹkan bí ẹgbẹ̀rún méjì àbọ̀ lọ, púpọ̀ nínú wọn sì jẹ́ kékeré. Panzer I kò ní ju ìbọn arọ̀jò-ọta lọ. Táǹkì Faransé kò kéré sí tiwọn ní iye. Irin ara Char B1 tiwọn nípọn tó mílímítà 60, ó sì gbé àgbá méjì. Ní oṣù tí ó tẹ̀ lé e, ní ọjọ́ 22, Faransé fọwọ́ sí ìwé ìdáwọ́ogundúró.

Kí ni ó fa èyí? Jámánì kó gbogbo táǹkì rẹ̀ jọ sí dífíṣọ̀n mẹ́wàá. Nínú dífíṣọ̀n kọ̀ọ̀kan, táǹkì nìkan kọ́ ni ó wà níbẹ̀. Àwọn ẹlẹ́sẹ̀ tí ń gun ọkọ̀ wà níbẹ̀, àwọn alágbá, àwọn tí ń tẹ́ afárá, àwọn alamí, àti rédíò tí olórí fi ń bá àwọn ọmọ ogun rẹ̀ sọ̀rọ̀ tí wọ́n sì ń dá a lóhùn. Faransé pín ọ̀pọ̀ táǹkì tirẹ̀ káàkiri láti ran àwọn ẹlẹ́sẹ̀ lọ́wọ́, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò sì ní rédíò. Nínú ilé àgbá òkè Char B1, ẹnìkan ṣoṣo ni ó ń pàṣẹ, tí ó ń ki àgbá, tí ó sì ń yìn ín. Charles de Gaulle ti kọ̀wé ní 1934 pé kí a dá ẹgbẹ́ ogun onítáǹkì tí ó dá dúró sílẹ̀. Wọn kò fetí sí i ní àkókò. Nítorí náà 'ká ní Faransé ní táǹkì púpọ̀ sí i' kò wúlò. Èyí tí ó wúlò ni 'ká ní Faransé to táǹkì rẹ̀ lọ́nà mìíràn', èyí sì ń béèrè pé kí ọ̀nà tí àwọn ọ̀gágun rẹ̀ ń gbà ronú ti yí padà ní ọdún púpọ̀ ṣáájú.

Ọ̀rọ̀ yìí kò jìnnà sí wa. Ọkọ̀ onírin bí i Saladin àti Ferret ni ìjọba àpapọ̀ lò nínú ogun abẹ́lé Nàìjíríà láàárín 1967 sí 1970; lẹ́yìn ogun náà ni a ra táǹkì T-55 àti Vickers. Ẹni tí ó bá fẹ́ díwọ̀n agbára ogun tí ó sì ń ka iye táǹkì nìkan ń ka eyín ajá láìbéèrè bóyá ajá náà gbọ́ ohùn olówó rẹ̀.

5. Ẹ̀rí Láti Ilé: Ìbàdàn

Kò yẹ kí á lọ sí Faransé kí á má padà sílé. Àwọn ọmọ ogun tí ó fọ́ Òwu àti Erunmu kò padà sí ìlú wọn. Wọ́n la àwọn ìlú Ẹ̀gbá kọjá, wọ́n sì tẹ̀dó sí Ìbàdàn ní nǹkan bí ọdún 1829. Ohun tí ó fọ́ Òwu ni ó di Ìbàdàn. Bí a bá fẹ́ mọ irú ohun tí ó jẹ́, a ní láti wo bí Ìbàdàn ti to ara rẹ̀.

Oyè kì í ṣe ti ìdílé ọba níbẹ̀. Balógun ní Ọ̀tún, Òsì, Aṣípa, Ẹkẹrin àti àwọn tí ó kù lẹ́yìn wọn. Sẹ́ríkí ní tirẹ̀. Ẹni tí ó bá ṣe akin ni ó ń gòkè. Olóyè kọ̀ọ̀kan ní ọmọ ogun tirẹ̀, ó sì ń fi oko bọ́ wọn. Àwọn oko náà, tí ẹrú ń ro, ni ó kún ilẹ̀ tí a ń pè ní Lágelú, Ẹ̀gbẹ́dá, Akínyẹlé àti Ọ̀nà-Àrà lónìí. Bọ́lánlé Awẹ́ ti fi hàn wá nínú iṣẹ́ rẹ̀ ní 1973 pé ogun àti ọrọ̀ ajé Ìbàdàn kò ṣeé yà sọ́tọ̀. Nígbà tí Ìlọrin gbé ẹṣin wá sí Òṣogbo ní nǹkan bí ọdún 1840, ẹlẹ́sẹ̀ Ìbàdàn ni ó ṣẹ́gun wọn. Ẹṣin ni táǹkì ayé ìgbà náà, ṣùgbọ́n etí igbó kì í ṣe pápá fún un.

Kírìjì náà jẹ́rìí sí i. Èkìtìparapọ̀ rí ìbọn Snider gbà láti ọwọ́ àwọn ọmọ wọn ní Èkó, Ìbàdàn kò sì ní irú rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Àárẹ̀ Látòósà kú sí àgọ́ ní 1885. Síbẹ̀, láti 1877 títí di 1893 tí àgọ́ fi tú, Ìbàdàn kò fọ́. Ìbọn tí ó dára jù sọ ogun di àìlèborí. Kò sọ ọ́ di ìṣẹ́gun.

Ibí yìí ni a fẹ́ kí àwọn lámèyítọ́ lítíréṣọ̀ ti bá wa ronú. Nínú Ẹfúnṣetán Aníwúrà tí Akínwùmí Ìṣọ̀lá kọ (1970), ìwà ìkà Ìyálóde sí àwọn ẹrú rẹ̀ ni ó gba ojú wa, ó sì jẹ́ eré tí ó kógo já. Ṣùgbọ́n Ẹfúnṣetán kan náà ni ó ń fi ohun ìjà ran àwọn olóyè lọ́wọ́ lórí àwìn, tí oko rẹ̀ sì tóbi. Bí a bá pa apá yìí tì, ogun Ìbàdàn yóò dà bí ẹni pé ìbọn ń hù lórí igi. Irú àṣìrí kan náà ni ó bo ìtàn Òwu lójú.

6. Àtakò

Ẹnìkan lè sọ pé: Ìmàgbọ̀n ńkọ́? Ní oṣù karùn-ún ọdún 1892, àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi Maxim ṣẹ́gun Ìjẹ̀bú, ìlú tí ìbọn rẹ̀ ti jẹ́ ìbẹ̀rù fún Òwu rí. Ṣé ohun ìjà kọ́ nìyẹn?

Ohun ìjà ni, a kò sì sẹ́ ẹ. Ìgbà kan wà tí ìyàtọ̀ láàárín ohun ìjà méjì pọ̀ débi pé ètò kò lè dí i. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí á ṣàkíyèsí pé Ìjẹ̀bú ní ìbọn púpọ̀ ní Ìmàgbọ̀n, kódà wọ́n ní Snider. Bí ìní ìbọn bá tó láti gba ìlú là, Ìjẹ̀bú ì bá bọ́. Nítorí náà Ìmàgbọ̀n, tí a fẹ́ fi já wa, gan-an ni ó já gbólóhùn 'ká ní Òwu ní ìbọn'.

7. Àgbálọgbábọ̀

Kí ni ó wà nínú ọ̀rọ̀ yìí tí ó tó kí á torí rẹ̀ jókòó? Ìdájọ́ lórí àwọn ènìyàn ni. Bí a bá sọ pé ìbọn ni ó fọ́ Òwu, a ti sọ pé wọ́n ṣubú nítorí pé wọ́n jẹ́ ará àtijọ́, pé ọ̀làjú ni ó kọjá lórí wọn. A sì ti dá àwọn tí ó ṣẹ́gun wọn láre, nítorí kò sí ẹni tí í bá ìgbà jà. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pé àjọṣe ìlú mẹ́ta, ọ̀nà ọjà tí ó dí, àti ebi tí a fi ìmọ̀ ṣe ni ó fọ́ wọn, ọwọ́ ènìyàn ni ó ṣe é. A lè béèrè ìdí rẹ̀ lọ́wọ́ ènìyàn. Àṣẹ tí ó ní kí a má tún Òwu tẹ̀ dó mọ́ kì í ṣe iṣẹ́ ìbọn, ìpinnu ni.

A kò ní kí àwọn òǹkọ̀wé ìtàn àròsọ àti eré onítàn fi 'ká ní' sílẹ̀. A fẹ́ kí wọ́n ṣe é dé òpin. Ẹni tí yóò bá kọ eré nínú èyí tí Òwu ṣẹ́gun, kí ó kọ́kọ́ kọ ìran tí Òwu àti Ìjẹ̀bú ti parí ìjà ataare. Irú ìran bẹ́ẹ̀ yóò dùn ju ìró ìbọn lọ.

Fún àwa tí a ń ṣe ìwádìí, iṣẹ́ wà nílẹ̀. Bí a bá ń gba oríkì àti ìtàn sílẹ̀ ní Erunmu àti ní àwọn abúlé tí ó yí i ká, kí ìbéèrè wa má ṣe dúró lórí bóyá wọ́n ní ìbọn. Kí á béèrè ọ̀nà tí oúnjẹ ń gbà lọ sí Òwu, ẹni tí ó ń gbé e, àti ọjọ́ tí ọ̀nà náà dí. Ìgbà tí a bá rí ìdáhùn sí èyí ni a tó lè sọ ohun tí ì bá ṣẹlẹ̀.